Business Admin tàbí Economics: èwo ni kí ọmọ mi kọ sínú fọ́ọ̀mù JAMB?

Ìyá Olófì, Pákátà

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ ọmọ ló gbé mi wá. Ọmọbìnrin mi kejì wà ní SS3, àsìkò fọ́ọ̀mù JAMB sì máa tó parí. Láti ìgbà tí a ti ṣọdún Iléyá ni bàbá rẹ̀ ti ń wí pé Economics ni kó kà, pé àwọn tó ka Economics ni Báńkì Àpapọ̀ ń gbà síṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà l'Ékòó ní rárá o, Business Admin ni, pé ọmọ oníṣòwò ni, òwò náà ló máa padà ṣe. Ọmọ fúnra rẹ̀, bí mo bá bi í, á ní, "Mọ́mì, èyí tí ẹ bá ti mú." Ìdáhùn yẹn gan-an ló ń dùn mí. Ẹni tó máa fi ọdún mẹ́rin jókòó ti ìwé kò yẹ kó máa wo ojú mi.

Èmi ò dé yunifásítì. Mo lọ ilé-kéwú, mo sì parí girama, kí n tó gba iṣẹ́ òfì lọ́wọ́ ìyá mi. N kò mọ ohun tí wọ́n ń kọ́ wọn nínú kọ́ọ̀sì méjèèjì yìí. Èsì ìdánwò mock tó ṣe nìyí: Commerce A1, Economics B2, Accounting B3, IRS B2, English C4, ìṣirò C6. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ síbí fún mi. Bó ti wù kó gùn tó, n ó kà á.

Tíṣà Òmù-Àrán

Ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Ẹ ó jèrè wọn. Ó ti pé ọdún 17 tí mo ti ń kọ́ Economics nílé-ìwé girama nílẹ̀ Ìgbómìnà níbí, ìbéèrè yìí sì ni àwọn òbí máa ń gbé wá bá mi jù tí àsìkò JAMB bá ti dé.

Ẹ fọkàn balẹ̀ lórí ohun kan: ẹnu ọ̀nà méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà. Kírédíìtì márùn-ún ni wọ́n ń béèrè, English, ìṣirò àti Economics gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Nínú JAMB náà, English, ìṣirò àti Economics ni fún méjèèjì. Ẹ̀kọ́ kẹrin nìkan ni wọ́n ti yà, ibẹ̀ sì ni mo ti rí ọmọ tó gbọ́n dáadáa tó kọsẹ̀. Business Admin gba ẹ̀kọ́ yòówù ní ìkẹrin. Economics ní tirẹ̀, JAMB ka àwọn tó fẹ́: Government, History, Geography, Literature, French, tàbí ẹ̀kọ́ ìsìn, ìyẹn IRS tàbí CRS. Commerce kò sí níbẹ̀. Ọmọ á mú Commerce torí pé A1 ló ń gbà nínú rẹ̀, á gba máàkì tó dára, ọjọ́ tí wọ́n bá ń pín ààyè ni wọ́n tó máa sọ fún un pé ẹ̀kọ́ tó mú kò bá Economics mu. Bí ẹ kò bá tíì pinnu, ẹ jẹ́ kó fi IRS ṣe ìkẹrin. B2 ló ní níbẹ̀, ilẹ̀kùn méjèèjì á sì wà ní ṣíṣí. Kí ẹ tó tẹ ohunkóhun, ẹ wo ìwé ìtọ́nisọ́nà JAMB tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n ń pè ní IBASS, lábẹ́ orúkọ yunifásítì tí ẹ mú, torí àwọn kan ní ohun tiwọn tí wọ́n fi kún un.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìṣirò, n kò sì ní fi í pamọ́ fún yín. Economics tí mò ń kọ́ wọn ní SS, àlàyé ló pọ̀ níbẹ̀, pẹ̀lú àwòrán ìlà díẹ̀ àti ìṣirò tí kò ju ìdá lọ́nà ọgọ́rùn-ún lọ. Ti yunifásítì yàtọ̀. Ìṣirò ni egungun rẹ̀: calculus, statistics, lẹ́yìn náà econometrics, níbi tí wọ́n ti ń fi ìṣirò dán ọ̀rọ̀ wò bóyá òótọ́ ni. C6 á gbé ọmọ wọlé. Kò ní gbé e dé ìyẹ̀wù, àfi tó bá ṣiṣẹ́ sí i.

Ọmọ Tánkẹ

Ẹ kú ilé o, Mọ́mì. Mo ka Economics, mo parí ní 2019. Ohun tí Tíṣà wí nípa ìṣirò, ojú mi ló ṣe. A1 ni mo gbà nínú Economics ní WAEC, ìṣirò jẹ́ C5. Bí a ṣe dé 200 level tí wọ́n gbé ìṣirò àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé síwájú wa, mo fìdí rẹmi. Carryover ni mo fi kọjá, nígbà tí mo tún un ṣe. Ohun tó yọ mí ni pé èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ka Statistics jọ ń gbé yàrá kan náà, alẹ́ ni ó ń kọ́ mi lábẹ́ tọ́ọ̀ṣì fóònù.

Síbẹ̀, bí wọ́n bá ní kí n tún un mú lónìí, òun náà ni n ó mú. N ó sọ ìdí rẹ̀. Àjọ NBS, àwọn tó ń ṣe ìṣirò fún ìjọba àpapọ̀, sọ pé ọ̀wọ́n-gógó ọjà ti oṣù Disẹ́ńbà 2024 jẹ́ 34.80%. Nígbà tí ti Jánúárì 2025 jáde, wọ́n ní 24.48%. Màmá mi tó ń ta èlùbọ́ ní Ìpàtà gbọ́ ọ lórí rédíò, inú bí i: "Ọjà wo ló wálẹ̀?" Mo jókòó tì í, mo ní Mọ́mì, òṣùwọ̀n ni wọ́n pààrọ̀. Ọdún 2009 ni wọ́n ti fi ń ṣe ìpìlẹ̀ látẹ̀yìnwá, wọ́n wá gbé e kúrò níbẹ̀ bọ́ sí 2024, wọ́n sì tún àkójọ àwọn ọjà tí wọ́n ń wò ṣe. Bí ìgbà tí ẹ fi kóńgò mìíràn wọn èlùbọ́ kan náà ni. Mo tún fi kún un pé bí iye yẹn bá lọ sílẹ̀, kò túmọ̀ sí pé owó ọjà ń wálẹ̀. Ó ṣì ń gòkè, ìyára rẹ̀ ló dín kù. Màmá mi wò mí, ó ní, "Ìyẹn ni wọ́n kọ́ ẹ fún ọdún mẹ́rin?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó dùn mọ́ mi nínú ju owó oṣù lọ.

Ọmọ tí irú ìbéèrè yẹn kì í jẹ́ kó sùn, tó fẹ́ mọ ìdí tí owó nǹkan fi ń gùn, ìdí tí ìlú kan fi là tí òmíràn fi tòṣì, Economics ló ni í. Ẹ wò ó bóyá ọmọ yín jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Oníbúrẹ́dì Ọ̀fà

Ìyá wa, mo kí yín. Mo ka Business Admin. Mo ní ilé búrẹ́dì báyìí, òṣìṣẹ́ mi jẹ́ mẹ́sàn-án.

Ẹ bá mi sọ fún ẹ̀gbọ́n yín l'Ékòó pé mo bọ̀wọ̀ fún un, ṣùgbọ́n Business Admin kò kọ́ ènìyàn ní òwò. Ìyá mi ló kọ́ mi. Bí a ṣe ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀ tí kò fi ní lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, bí a ṣe ń mọ̀ pé ẹni yìí ò ní san gbèsè, ìdí àtẹ ni mo ti kọ́ ìyẹn kí n tó mọ orúkọ yunifásítì kankan. Ọmọ yín náà ti ń kọ́ ọ lọ́dọ̀ yín. Ohun tí ilé-ìwé fún mi ni pé òwò mi dàgbà ju orí mi lọ. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń ya owó ilé kúrò lára owó ọjà nínú ìwé. Mo mọ òfin tó de àdéhùn, mo mọ bí wọ́n ṣe ń gba ènìyàn síṣẹ́ àti bí wọ́n ṣe ń dá a dúró láìsí ìjà. Wọ́n kọ́ wa ní ìpolówó ọjà, ètò iṣẹ́, ìwà àwọn ènìyàn níbi iṣẹ́, gbogbo ẹ̀.

Mo fẹ́ fi àpẹẹrẹ kan hàn yín kí ẹ lè rí ìyàtọ̀ tó wà láàrin èmi àti àbúrò wa ará Tánkẹ. Ní Nòfẹ́ńbà 2024, Báńkì Àpapọ̀ gbé òṣùwọ̀n owó èlé rẹ̀ dé 27.5%. Àwọn onímọ̀ Economics ń jiyàn lórí tẹlifíṣọ̀n bóyá ìyẹn á pa ọ̀wọ́n-gógó. Èmi ò lè dúró gbọ́ àríyànjiyàn wọn, torí mo ti ń múra láti yá owó ra ààrò kejì. Mo jókòó, mo ṣírò iye búrẹ́dì tí mo gbọ́dọ̀ tà lóṣù kí n tó lè san èlé nìkan. Mo rí i pé kò ṣeé ṣe. Mo bá lọ bá ẹni tó ń kó ìyẹ̀fun fún mi, a jọ dúnàádúrà, ó gbà kí n máa san owó rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Owó tó dúró sí mi lọ́wọ́ lọ́nà yẹn ni mo fi ra ààrò náà nígbà tó yá, láìjẹ báńkì ní kọ́bọ̀. Iṣẹ́ Business Admin nìyẹn.

Tíṣà, mo tọ́ ọ̀rọ̀ yín díẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Kí ọmọ má rò pé òun ń sá fún ìṣirò bọ̀ wá sọ́dọ̀ wa. Statistics wà níbí, ìṣirò owó wà níbí, ìṣirò tí wọ́n fi ń pinnu iye ọjà tó yẹ kó wà nílẹ̀ náà wà. Calculus tó nira ni kò pọ̀.

Tíṣà Òmù-Àrán

Mo gbà, ọ̀gá wa oníbúrẹ́dì. Ìtọ́sọ́nà gidi ni.

Sístà Gàá-Akanbí

Ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀. Accounting ńkọ́? Ọmọ náà ní B3 níbẹ̀.

Alfa Báńkì

Sístà, bí ọmọ bá fẹ́ràn kí gbogbo nǹkan bá ara mu dé kọ́bọ̀ tó kẹ́yìn, kó lọ Accounting. Kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń fi tipátipá ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé ilẹ̀kùn ICAN, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn oníṣirò owó, tì mọ́ ẹni tó ka Economics tàbí Business Admin. Wọ́n lè ṣe é. Ìdánwò tí wọ́n máa ní kí wọ́n fò ni kò ní pọ̀ tó ti ẹni tó ka Accounting.

Ìyá wa, as-salāmu alaykum. Ọ̀rọ̀ Báńkì Àpapọ̀ tí bàbá ọmọ sọ ni mo fẹ́ dáhùn. Ọdún 12 ni mo ti wà nídìí iṣẹ́ báńkì. Ní ẹ̀ka wa báyìí, ẹni tó jókòó sápá ọ̀tún mi ka Geography, ọ̀gá wa ka Agriculture. Báńkì Àpapọ̀ fúnra rẹ̀ ń lo agbẹjọ́rò, onímọ̀ kọ̀ǹpútà, oníṣirò owó, onímọ̀ statistics. Lóòótọ́, ẹ̀ka tí wọ́n ti ń ṣe ìwádìí ọrọ̀ ajé fẹ́ ẹni tó ka Economics, ẹni tó sì tún kà á dé ìpele másítàsì ni. Ṣùgbọ́n ní àwọn báńkì tí a mọ̀ yìí, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń wò ni irú ìwé ẹ̀rí tí ènìyàn mú jáde, bóyá ó tó second class upper. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìdánwò English àti ìṣirò kíákíá. 2:1, ìyẹn second class upper, nínú Business Admin á wọlé níbi tí third class nínú Economics kò ti ní lè yọjú. Kí bàbá fi ìyẹn sọ́kàn.

Ohun kan wà tí mo rí lára àwọn ẹgbẹ́ mi. Ẹni tó ka Economics lè lọ ṣe MBA, ìyẹn másítàsì nínú Business Admin, láìsí wàhálà. Ẹni tó ka Business Admin tó fẹ́ lọ ṣe másítàsì nínú Economics, wọ́n á béèrè ìṣirò tí kò kọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀nà yẹn rọrùn láti ìhà kan ju ìhà kejì lọ.

Ọmọ Poly

Mo wá láti Òrò. Mi ò rí yunifásítì wọ̀ nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣe JAMB, mo lọ ṣe ND Business Administration ní poly. Ọdún méjì. Mo fi Direct Entry, ọ̀nà tí ènìyàn fi ń fo 100 level, wọ 200 level ní yunifásítì. Nítorí náà, Mọ́mì, bí ọdún yìí kò bá bọ́ sí i, ọ̀nà wà, Poly Kwara wà ní Ìlọrin, Federal Poly wà ní Ọ̀fà. Ọ̀nà yìí rọ Business Admin lọ́rùn. Poly kì í sábà ní ND Economics, torí náà ẹni tó fẹ́ gba Direct Entry sí Economics, IJMB tàbí JUPEB ló sábà máa ń ṣe, ìyẹn ìdánwò tí wọ́n ń ṣe lẹ́yìn girama láti fi wọ 200 level. Ahmadu Bello ní Zaria ló ń ṣe kòkáárí IJMB, Yunifásítì Èkó ló ń ṣe ti JUPEB. Ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó ń ta "ààyè tó dájú" fún ọmọ. Wọ́n gba owó lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi kan, kò rí nǹkan kan.

Ọmọ Tánkẹ

Mọ́mì, mo tún padà wá. Mo ronú sí èsì "èyí tí ẹ bá ti mú" tí ọmọ fún yín. Kò lè mú, torí kò tíì rí ohun tó wà nínú ìkòkò méjèèjì. Ẹ ṣe báyìí: ẹ wá ìwé tí dipátímẹ́ǹtì fi ń to kọ́ọ̀sì wọn, handbook ni wọ́n ń pè é. Ní Yunifásítì Ìlọrin, Economics wà lábẹ́ Social Sciences, Business Admin wà lábẹ́ Management Sciences, tí ẹ bá bi akẹ́kọ̀ọ́ wọn kan ní Tánkẹ, á fi ránṣẹ́ sórí fóònù. Bó bá jẹ́ KWASU ní Màlété tàbí Al-Hikmah lẹ ń wò, ẹ gba tiwọn náà, torí NUC, àjọ tó ń bójú tó yunifásítì, ti ní kí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀kọ́ jẹ́ bákan náà káàkiri, yunifásítì kọ̀ọ̀kan ló ń fi tirẹ̀ dí ìdá 30 tó kù. Ẹ jẹ́ kó kà á tán láìsí ẹnikẹ́ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kó fi báírò fa ìlà sábẹ́ kọ́ọ̀sì tó wù ú àti èyí tó bà á lẹ́rù. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá bi í.

Ìyá Olófì, Pákátà

Ẹ kú àdúrótì o. Ó di ọjọ́ kẹrin lónìí. Mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ kọ, àwọn ibòmíràn ni mo kà lẹ́ẹ̀mejì. Ọlọ́run á máa wá a fún yín.

Ọmọ ará àdúgbò wa kan tó wà ní Unilorin bá wa wá ìwé méjèèjì. Mo kó o fún ọmọ mi, mo jáde lọ sọ́jà. Nígbà tí mo dé, ó ti fa ìlà síbi púpọ̀ nínú ti Business Admin. Nínú ti Economics, mẹ́ta péré ló fàlà sí, ó sì kọ "mo fẹ́ mọ èyí" sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kan tó jẹ mọ́ ọrọ̀ ajé Nàìjíríà. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ láti ìgbà yìí. Ó ní òun gbọ́ tí bàbá òun ń sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé àwọn tí ìwé kò wọ̀ lórí ló ń ka Business Admin. Ó ti ń ru ọ̀rọ̀ yẹn kiri nínú ara rẹ̀ láti oṣù méjì, mi ò mọ̀.

Ó wá gbé ìwé gbèsè wa jáde, èyí tí mo fi sọ́wọ́ rẹ̀ láti ọdún tó kọjá. Mo rò pé ó kàn ń kọ orúkọ sílẹ̀ ni. Kò mọ bẹ́ẹ̀. Ó ti pín àwọn oníbàárà sọ́nà mẹ́ta: àwọn tó ń san kí wọ́n tó gbé òfì ìyàwó, àwọn tó ń san lẹ́yìn ìnáwó, àwọn tí a ní láti lọ bá nílé. Ó ní bí mo bá gba ìdajì owó lọ́wọ́ ìpín kẹta kí ahunṣọ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mi ò ní máa yá owó òwú mọ́. Mo ti ń ta òfì fún ọdún mọ́kàndínlógún, mi ò ronú kàn án rí.

Mo ka ọ̀rọ̀ Alfa Báńkì sí bàbá rẹ̀ létí, pàápàá ti 2:1 yẹn. Mo sì fi ìwé gbèsè náà hàn án. Kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó pe ọmọ, ó ní òun sọ ohun tí òun kò mọ̀ nípa kọ́ọ̀sì náà, kó má ṣe fi sọ́kàn. Ọmọ sunkún, èmi náà sunkún.

Business Admin la kọ sí ipò kìn-ín-ní, Yunifásítì Ìlọrin. A fi IRS ṣe ẹ̀kọ́ kẹrin bí Tíṣà ṣe wí, torí ó ní òun ò tíì jáwọ́ pátápátá lára ti ọrọ̀ ajé Nàìjíríà yẹn. A tẹ fọ́ọ̀mù lánàá.

Ohun tó kù ni ìṣirò. Ó sọ fún mi pé fún odindi ọdún kan ní SS1 ni wọn kò ní tíṣà ìṣirò. Mo ń wá ẹni tó máa kọ́ ọ nítòsí Pákátà tàbí Ọjà-Ọba, obìnrin bó bá ṣeé ṣe. Ta ni ẹ mọ̀?

Sístà Gàá-Akanbí

Mọ́mì, èmi ni. Ìṣirò ni mo kà. Mò ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin méjì kan lọ́jọ́ Sátidé lẹ́yìn ìrun Ásárì, ní ilé ẹ̀gbọ́n mi tí kò jìnnà sí Ọjà-Ọba. Kó wá dara pọ̀ mọ́ wọn lọ́sẹ̀ yìí. Láti ìpìlẹ̀ SS1 yẹn la ó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ̀wé sí mi ní ìkọ̀kọ̀ kí n júwe ilé, ẹ má sì mú owó dání. Kó mú ìwé gbèsè yẹn wá, òun ni a ó fi bẹ̀rẹ̀ ìdá lọ́nà ọgọ́rùn-ún.